Orúkọ Bàbá Bọ́lá

Àbúrò mi, jẹ́ kí n rọ́ àlá mi kí n tó gbàgbé rẹ̀. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa nípa bí ọpọlọ ṣe ń rántí nǹkan ló ṣí orí mi bí ìkòkò. Ó ní kí n mú orúkọ ọkọ mi jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, obìnrin mìíràn yóò mú un lọ. Ọkọ mi sì ti ń tún fìlà ṣe! Mo ti ọwọ́ bọ orí mi, orin ìpolówó ọṣẹ ni mo fà yọ, ó ń hó lọ́wọ́ mi. Ọpọlọ tó ń kàwé gboyè nìyẹn o! Mo pariwo, "Bàbá Bọ́lá!" Olùkọ́ ní, "Orúkọ ọmọ nìyẹn."

Ọkọ mi ló jí mi: "Ìyá Bọ́lá, kí ló dé?"

Mo ní kó pe orúkọ tèmi. Ó ṣì ń wo àjà.