Ọwọ́ Gídíónì Kì í Tú

“Ẹni tí yóò tú ọwọ́ Gídíónì Táísìnì láàárín àwọn òkè Kọ́ńbálándì yìí, ìyá ẹ̀ ò tíì lóyún ẹ̀!”

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ọdún 1853, ni Gídíónì pariwo báyìí nílé ọtí kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gbé kọ́ọ̀pù bíà sókè bí ẹni pé òun ló pọn ọ́n. Darandaran ni. Ọrùn rẹ̀ ki bíi ti akọ màlúù, ẹnu rẹ̀ sì tún tóbi ju ọrùn lọ. Ọdún méjì léraléra ló ti gba ìgbànú onífàdákà tí àfonífojì wọn ń fún ọ̀gá oníjàkadì lóṣù Kẹsàn-án. Bó bá gbà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó di tirẹ̀ títí ayé, òun ni yóò sì sán mọ́dìí lọ́jọ́ tí òun àti Tàmárì, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Àfi bí Náhúmù alágbẹ̀dẹ ṣe ya dé láti ẹ̀yìn òkè, ọmọ ọdún méjìlélógún. Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde yẹn gan-an, Gídíónì là á mọ́lẹ̀ bí àpò ọkà. Tàmárì mirí.

“Ẹsẹ̀ ọmọkùnrin yẹn mà lágbára o.”

“Ẹsẹ̀ kẹ̀? Ta ló ní kó o máa wo ẹsẹ̀?”

“Ìjàkadì ni mo wá wò. Ṣé kí n máa wo etí ni?”

Nígbà Pẹ́ńtíkọ́stì, Náhúmù dá ènìyàn mẹ́jọ kí Gídíónì tó dá a. Tàmárì gé kéèkì atalẹ̀ fún Náhúmù.

“Tiẹ̀ nípọn ju tèmi lọ,” ni Gídíónì wí.

“Ìwọ jẹ mẹ́ta, Gídíónì.”

“Mi ò sọ iye! Nínípọn ni mò ń sọ!”

Nígbà tó di oṣù Keje, Náhúmù gbé e ṣánlẹ̀ níṣojú gbogbo ayé, Tàmárì sì pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ méjì péré ni, ṣùgbọ́n Gídíónì gbọ́ méjèèjì. Òjòwú kì í lẹ́ran láyà: ọkùnrin tó ń jẹ odindi páì ẹran àgùntàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdajì sílẹ̀. Ó ń ro ẹjọ́ Náhúmù fún àwọn àgùntàn rẹ̀ lórí òkè. Àwọn àgùntàn ò dá sí i.

Oṣù Kẹsàn-án pé. Ó ku Gídíónì, ó ku Náhúmù. Nínú ìjàkadì ibẹ̀, oníkálukú á gbé àgbọ̀n lé èjìká ẹnìkejì, á sì fọwọ́ méjèèjì kọ́ra lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ tú, ó ti ṣubú nìyẹn, bó tilẹ̀ wà lóòró. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀tá nìkan sì ni olúwarẹ̀ ń rí.

“Ẹ dì mú!” ni Bàbá Rúbẹ́nì adájọ́ pàṣẹ.

“Ẹ̀gbọ́n,” Náhúmù sọ sí i létí, “ẹ ń rùn bí àgùntàn.”

“Ìwọ náà ń rùn bí èédú. Dákẹ́.”

Gídíónì fà á, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì gbé e kúrò nílẹ̀. Ó ku kó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Àfi bó ṣe gbójú sókè lórí èjìká Náhúmù, tó rí Tàmárì lórí àpótí, tó ṣí fìlà, tó ń jù ú fìrìfìrì, tó ń ké tantan pé:

“Ṣe gírí, olólùfẹ́! Ó kù díẹ̀! Máa bọ̀!”

Olólùfẹ́! Ọdún mẹ́ta, kò pe Gídíónì bẹ́ẹ̀ rí. Iná sọ láyà rẹ̀. Ó já ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ó nàka.

“Tàmárì! Ta lò ń pè ní olólùfẹ́?”

Ẹsẹ̀ Náhúmù kanlẹ̀ jẹ́jẹ́. “Ọwọ́ yín tú!”

“Ó tú, bẹ́ẹ̀ ni! Èmi ni mo tú u! Bàbá Rúbẹ́nì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀! Mi ò lè dì mọ́ olè mọ́!”

Tàmárì wò ó bí ẹni tó jí lójú oorun. “Kí ló ṣe ẹ́?”

“Ta lo pè?”

“Ráńtà. Ajá bàbá mi.”

Gídíónì yí padà. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ajá tó ń sáré ìdíje òkè ọjọ́ náà ń rọ́ bọ̀, ahọ́n wọn síta, Ráńtà ló ṣíwájú. Àwọn ajá ni gbogbo èrò ń wò, kò sẹ́ni tó ń wo agbo ìjàkadì. Ojú Gídíónì tàn: àṣé ẹnikẹ́ni ò rí ọwọ́ òun!

Náhúmù ti sáré dé ọ̀dọ̀ Bàbá Rúbẹ́nì. “Bàbá, ẹ ròyìn fún wọn bí mo ṣe fi agbára já ọwọ́ ẹ̀!”

Bàbá Rúbẹ́nì yọ páìpù lẹ́nu, ó ń sán ìgbànú onífàdákà mọ́ Náhúmù nídìí.

“Ajá lèmi náà ń wò. Gídíónì fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi pé ọwọ́ òun tú.”