Ojú Inú Ìyẹ́

Obìnrin kan gbé iṣẹ́ wá fún alágbẹ̀dẹ wúrà. Ìyá rẹ̀ ń fẹ́ áńgẹ́lì kékeré tí yóò máa fi kọ́rùn, irú èyí tí wọ́n kùn sára àjà ṣọ́ọ̀ṣì wọn gẹ́lẹ́. Ó fi fọ́tò rẹ̀ hàn án lórí fóònù.

Obìnrin ni alágbẹ̀dẹ yìí, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣe áńgẹ́lì náà, ó dán an títí ó fi ń kọ mànà, ó sì gbé e lọ fún ìyá fúnra rẹ̀. Ìyá ò ríran mọ́. Ó gba áńgẹ́lì, ó fi àtàǹpàkò tọ ìyẹ́ rẹ̀ lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀.

“O ṣeun, ọmọ mi,” ó ní. “Ṣùgbọ́n adìẹ lèyí.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Màámi,” ọmọ rẹ̀ wí. Ojú ń tì í.

Ẹ̀rín pa alágbẹ̀dẹ. “Ẹ má bínú, Mà. Kí ló kù síbẹ̀?”

“Èmi gan-an ò mọ̀. Bàbá mi ló kun àjà yẹn. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá dúró nílẹ̀ wò ó ò tíì rí nǹkan kan.”

Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ gbádùn. Ó gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Òjò ti ń jò wọ ibẹ̀, àwọn tó ń tún òrùlé ṣe sì ti to igi àti pákó dé abẹ́ àjà. Ó bẹ olórí wọn títí ìyẹn fi dé e ní akoto, tó sì ṣíwájú rẹ̀ gòkè. Nígbà tó gbójú sókè, ẹnu yà á.

Ìyẹ́ kan ṣoṣo ga jù ú lọ. Àwọn àmì tóótòòtó aláwọ̀ wúrà tó dà bí iyanrìn láti ìsàlẹ̀, ojú ni gbogbo wọn. Èèyàn sì wà nínú ẹyinjú kọ̀ọ̀kan: arúgbó tó ń tòògbé, ọkùnrin tó gbé ọmọ sí èjìká, obìnrin tó ń so okùn bàtà. Kò sí ẹni mímọ́ kankan láàárín wọn. Àwọn tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì nísàlẹ̀ ni. Áńgẹ́lì náà ń wo gbogbo wọn, kò fo ẹnì kan. Orí alágbẹ̀dẹ wú. Kò mọ ìgbà tó jókòó sórí pákó.

“Bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn, Àǹtí,” olórí òṣìṣẹ́ sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Láràárọ̀ tí mo bá gòkè, mo máa ń kọ́kọ́ ṣí akoto ná.”

Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, alágbẹ̀dẹ ò ṣe odindi áńgẹ́lì mọ́. Ìyẹ́ kan ló ṣe, pẹ̀lú ojú kan láàárín rẹ̀, ó wá fín ẹnì kan ṣoṣo sínú ẹyinjú.

Ìyá fọwọ́ kàn án káàkiri, ọwọ́ rẹ̀ dúró. “Kí nìyí?”

“Ojú ni, Mà. Ọmọbìnrin kékeré kan ló wà nínú rẹ̀. Ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín nínú gbogbo wọn, ìyẹn ni mo ṣe mú un.”

Ìyá fi àtàǹpàkò wá inú ẹyinjú náà.

“Ṣé bọ́tìnnì ńlá kan wà láyà aṣọ rẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀, Mà. Funfun ni.”

“Èmi ni,” ìyá wí. “Orí àkàbà bàbá mi ni mo ti já bọ́ tí eyín yẹn fi kán. Wọ́n lé mi sílé lọ́jọ́ náà, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́. Mo rò pé wọ́n bínú sí mi ni.”

Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀, ó bá a fi ìyẹ́ náà sọ́rùn.

Nígbà tó yá, ọmọ yìí kan náà ní kí alágbẹ̀dẹ fi idẹ ṣe ìyẹ́ ńlá kan sára ògiri pálọ̀, níbi tí ọwọ́ ìyá yóò ti máa tó o. Bí ìyá bá ti ń ti yàrá bọ̀ láràárọ̀, á fọwọ́ kàn án, á ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá,” á sì kọjá lọ jókòó.