Bàtà Funfun Auntie Jemilat

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni Auntie Jemilat, Ọlọ́run ló sì mọ ohun tí mo ṣe fún un. Ní ọ́fíìsì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Woolwich, ní London, Gemma ló ní kí wọ́n máa pe òun. Gemma! Ọmọ Alhaji, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Tó bá wá sí fúláàtì wa ní Thamesmead, ìka kan ló máa fi ti ilẹ̀kùn, bí ẹni pé ìṣẹ́ wa lè ràn án. Kò ní tíì jókòó tí á fi ní òórùn ata ti mu kọ́tìnnì wa. Ṣíọ̀!

Lọ́dún 1991, mò ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Plumstead láràárọ̀. Ìyá mi ló ń bá mi mójú tó Habeebah ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, títí físà ìyá mi fi tán tó sì padà sílé. Ta ni yóò wá dúró ti ọmọ? Nọ́sìrì kan wà létí omi Southmere, àyè ẹyọ kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀. Kareem ọkọ mi ní tí wọn ò bá gba Habeebah, ká gbé e lọ fún òyìnbó alágbàtọ́ kan létí òkun, nítorí ohun tí ẹ̀gbọ́n òun sọ nìyẹn. Ó tiẹ̀ ti fóònù obìnrin náà. Látọjọ́ yẹn, oúnjẹ ò wọ ọ̀fun mi mọ́.

Oṣù mẹ́ta péré ni ọmọ Auntie nígbà tó gbé e fún alágbàtọ́. Kamorudeen la sọ ọmọ náà lọ́jọ́ ìkómọ. Òyìnbó yẹn ní orúkọ náà gùn jù fún ẹnu òun, ó sọ ọ́ di Kenneth, ìyá ọmọ náà sì gbà, ó ní ó tiẹ̀ dùn létí. Ọmọ ti di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ibẹ̀ ló ṣì wà. Ìyá rẹ̀ á gbé ṣokoléètì lọ nígbà Kérésì, á ya fọ́tò, á padà. Òun ló wá ń kọ́ èmi bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ o.

"Ìyàwó," ló wí, ó gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì mi, "ọmọ yìí ò tíì ready. Kò gbọ́ English. Ìwà oko ni ìyá rẹ kọ́ ọ."

Ẹ gbọ́ ohun tó ń pè ní ìwà oko. Ìyá mi kì í de nápì mọ́ ọmọ. Ó máa jókòó sórí àpótí kékeré, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ọmọ á fi ẹ̀yìn rìn wá jókòó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, á fẹ̀yìn ti ojúgun rẹ̀, á ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Kí Habeebah tó pé ọdún méjì ló ti jáwọ́ nínú títọ̀ sára. Kenneth ńkọ́, ọjọ́ wo ló bọ́ nápì? Ẹ má bi ìyá ẹ̀ o, kò sí níbẹ̀.

Nọ́sìrì ní kí n mú ọmọ wá fún wákàtí kan. Tí kò bá tọ̀ sára, tí kò sì sunkún ìyá, ó ti wọlé nìyẹn. Auntie ní òun ń bọ̀, pé English tòun ló máa mú ọmọ wọlé. Ó wọ bàtà funfun kan tó rọ̀ bí òwú, tuntun. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń bẹ ilẹ̀ wò kí ẹrẹ̀ má baà kàn án.

Ọ̀gá nọ́sìrì náà, òyìnbó arúgbó kan, ní kí n bọ́ síta, kí ẹni tó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọmọ dúró. Auntie ti jókòó kó tó sọ ọ́ tán. Àga ọmọdé ni àga ibẹ̀, kò ga ju àpótí ìyá mi lọ. Orúnkún rẹ̀ fẹ́ kan àgbọ̀n, ló bá na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú.

Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń wò wọ́n látẹ̀yìn gíláàsì. Wọn ò pa ilẹ̀kùn dé tán. Habeebah ń to búlọ́ọ̀kù, kò tiẹ̀ rántí mi. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìgbà tó yá ló fi búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, ó fún itan pọ̀. Mo mọ ìdúró yẹn.

"Auntie, mo fẹ́ tọ̀."

Auntie wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá òyìnbó gbọ́. "Speak English, darling," ló fi dá a lóhùn.

Ẹni tí wọ́n ní kó wá túmọ̀! Ẹ gbà mí lọ́wọ́ obìnrin yìí.

"Auntie, mo fẹ́ tọ̀!"

"In English, darling."

Mo ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ṣùgbọ́n tí mo bá wọlé, wọ́n á ní ọmọ mi ò lè dá wà láìsí mi. Tí mi ò bá sì wọlé, á tọ̀ sára. Bó ṣe wù kó jẹ́, etí òkun ni.

Habeebah wo Auntie. Ó wo àga kúkúrú yẹn, ó wo ẹsẹ̀ méjèèjì tó nà sílẹ̀. Ló bá bọ́ pátá rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì kó má baà tutù. Ó kẹ̀yìn sí Auntie, ó fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, ó jókòó sórí bàtà funfun, ó fẹ̀yìn ti ojúgun rẹ̀, ó sì tọ̀. Ọmọ tó mu tíì tó kún ife láàárọ̀, ẹ mọ bó ṣe máa pọ̀ tó.

"Yéè! Mo gbé o! Ẹ gbà mí!" Gemma ti sá lọ, Jemilat ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ló ń pariwo.

Mo já wọlé. Ọ̀gá nọ́sìrì bi mí pé kí ni ọmọ ń sọ fún Auntie tẹ́lẹ̀. English mi ò dán, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ó yọ́ lẹ́nu mi bí epo. Mo ní ó ń sọ pé òun fẹ́ tọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Mo sọ ti ẹsẹ̀ ìyá mi fún un pẹ̀lú. Òyìnbó mú pátá lórí tábìlì, ó fọwọ́ kàn án, gbígbẹ ni. Ó ní ọmọ yìí sọ fún àgbà, ó bọ́ pátá fúnra rẹ̀, kò sunkún. Ó ní kó bẹ̀rẹ̀ ní Monday, kí n kọ́ òun ní bí wọ́n ṣe ń sọ "mo fẹ́ tọ̀" ní Yorùbá.

Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú mi. Ẹni tí kò lè gbé eèrà tó ń kùsà sí erin, ẹ̀tẹ́ rẹ̀ rèé.

"Kí lọmọ yìí fi mí pè?" Auntie ń gbọn ẹsẹ̀. "Ṣé póò ni mo jọ lójú ẹ̀?"

"Rárá o, Auntie. Ìyá ló fi yín pè. Ẹsẹ̀ ìyá ni wọ́n ń jókòó lé."

Mo sọ ọ́ kó lè dùn ún ni. Ó sì dùn ún: ó tẹ̀ ba, ó bọ́ bàtà rẹ̀.

A rìn dé ilé mi, bàtà wà nínú ọ̀rá, sílípáàsì tí nọ́sìrì yá a ló wọ̀. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́ fún un. Ó jókòó sórí àpótí ìyá mi, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi.

"Ìyàwó, ìgbà wo ni wọ́n máa ń kúrò lórí ẹsẹ̀?"

"Kò pẹ́, Auntie. Ọdún méjì, mẹ́ta."

Ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi. "Kamorudeen ò jókòó lé e rí," ló wí.

Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn. Èébú ti wà létè mi, ó ti pé, ó ti mú. Mo gbé e mì, mo lọ mú ọṣẹ wá.