Ohun Tí Khemnidhi Kò Tíì Gbọ́

Ìyá Khemnidhi Bastola kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ búra fún ọmọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba. Loknidhi, àbúrò Khemnidhi tí ó ń tọ́jú ìyá lábúlé, ló pè ní nǹkan bí aago mẹ́fà. Durlabh, akọ̀wé ọ̀gá, ló gbé fóònù náà, nítorí pé láti ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, ọwọ́ Durlabh ni fóònù ọ̀gá ń gbé.

"Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi," ni Loknidhi wí. "Ìyá ti lọ. A ó dúró de ẹ̀gbọ́n di ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n lè wá fi èjìká kan sí i, ká jọ gbé ìyá dé etí odò."

Durlabh ní òun ti gbọ́. Kò sọ ẹni tí yóò tún gbọ́.

Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ní ilẹ̀ wọn, kì í ṣe ọjọ́ tí òbí kú ni ọ̀fọ̀ ń dé bá ọmọ, ọjọ́ tí ọmọ bá gbọ́ ni. Bí ó bá sì ti gbọ́ báyìí, ó parí: yóò bọ́ aṣọ rírán, yóò fá orí, yóò ró aṣọ funfun, yóò sì jókòó sí igun ilé fún ọjọ́ mẹ́tàlá gbáko. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, tí kò ní iyọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sè. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fara kàn án. Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe fẹ́ bọ Ààrẹ lọ́wọ́ ní aago mẹ́rin ọ̀sán?

Ọdún mẹ́tàlélógójì ni Khemnidhi ti ń lé àga yìí. Ó ti ṣẹ̀wọ̀n ọdún méje nígbà ayé ọba, tí ìyá rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ rin ọjọ́ mẹ́rin, pẹ̀lú ìrẹsì gígún lẹ́yìn, láti wá wo ojú rẹ̀ ní ojú fèrèsé onírin. Ó ti ṣe mínísítà lẹ́ẹ̀mẹsàn-án lábẹ́ olórí ìjọba mẹ́fà. Ó bú márùn-ún nínú wọn lẹ́yìn tí ó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó bú ẹnì kẹfà kí ó tó kúrò. Ẹgbẹ́ wọn fọ́ sí méjì lẹ́ẹ̀mẹta, apá tí ó tọ̀nà ni Khemnidhi sì máa ń wà, nítorí pé apá tí ó bá wà ni òun ń pè bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ìrìnàjò yìí, kò parọ́ rí. Bí àwọn oníròyìn bá bi í nípa afárá tí ó wó, tàbí nípa ilẹ̀ ìjọba tí àna rẹ̀ kọ́lé sí, yóò fọwọ́ kan etí, yóò ní, "Kò tíì dé ibí." Ta ló fẹ́ sọ pé irọ́ ni? Etí kì í ṣe ojú, a kì í wo inú rẹ̀.

Nígbà tí Durlabh wọlé, ọ̀gá ń dé fìlà níwájú dígí. Inú dígí náà ni ojú wọn ti ṣe mẹ́rin.

"Loknidhi pè láti ilé, ọ̀gá."

Ọwọ́ Khemnidhi dúró lórí fìlà. Ìyá ti wà lórí ibùsùn láti oṣù mẹ́ta, àbúrò rẹ̀ kì í sì í pe ènìyàn ní kùtùkùtù láti béèrè bí òjò ṣe rọ̀.

"Ṣé ọ̀rọ̀ tó lè dúró ni?"

Durlabh wolẹ̀. "Ọwọ́ yín ló wà, ọ̀gá."

"Tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló wà, a jẹ́ pé kò tíì dé etí mi," ni Khemnidhi wí, ó sì tẹ fìlà náà sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀.

Wọ́n búra fún un ní aago mẹ́rin. Wọ́n fi òdòdó ofeefee kọ́ ọ lọ́rùn títí kò fi sí ẹni tó rí àgbọ̀n rẹ̀ mọ́. Lábúlé, àwọn ará ilé ti fi ẹfun fa òbìrí ńlá sínú pápá kan kí hẹlikópítà lè mọ ibi tí yóò bà sí. Wọ́n wo òkè títí oòrùn fi ń wọ̀. Nígbà tó yá, aládùúgbò kan fi èjìká sí ibi tí èjìká Khemnidhi ìbá wà, wọ́n gbé ìyá lọ sí etí odò tí wọ́n ti ń sun òkú, Loknidhi sì ṣáná sí igi abẹ́ rẹ̀. Yorùbá ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Kò ṣáà sọ pé gbogbo ọmọ ni yóò wà níbẹ̀.

Durlabh rò pé bí ìbúra bá ti parí, ọ̀gá yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ku ìbò tí ilé ìgbìmọ̀ yóò fi sọ bóyá àwọn gbà á, ní ọjọ́ kẹrìndínlógún. Láìsí ẹgbẹ́ kékeré kan tí ó dara pọ̀ mọ́ wọn, ìjọba yóò dojú dé. Ẹgbẹ́ náà sì dà bí ìyàwó àfẹ́sọ́nà olówó: tí ọkọ bá fi lè jókòó sí igun ilé fún ọjọ́ mẹ́tàlá, á ti bá ẹlòmíràn lọ. Nítorí náà, Durlabh di ògiri. Ó ń gé ìwé ìròyìn kí ọ̀gá tó kà á. Ó gbé rédíò àti tẹlifíṣọ̀n lọ fún àtúnṣe, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Ó ti ìwé ìbánikẹ́dùn láti ilẹ̀ òkèèrè mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ìyàwó ọ̀gá ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní Ọsirélíà. Nígbà tí wọ́n pè tẹkún-tẹkún, Durlabh ló bá wọn sunkún. Mínísítà kan wá pẹ̀lú ojú fífà ro, Durlabh dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà pé kí ó lọ fi omi bọ́jú, kí ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí ó tó wọlé. Gbogbo ìlú gbọ́, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta tíì lójú títì. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbọ́.

Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí ọjọ́ mẹ́tàlá rẹ̀ ti pé, Loknidhi fúnra rẹ̀ dé ẹnu géètì. Orí rẹ̀ ń dán, aṣọ funfun ni láti òkè délẹ̀. Durlabh rí i láti ojú fèrèsé, ó sáré jáde, nítorí pé orí fífá yẹn ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, ẹni tó bá ti rí i ti gbọ́.

"Má sáré, Durlabh," ni Loknidhi wí. "Ikùn ẹ ò gba eré mọ́, oúnjẹ ìjọba ti pọ̀ níbẹ̀."

Durlabh bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọ̀la ni ìbò. Lẹ́yìn náà ọ̀gá yóò wá, yóò fá orí, àlùfáà kan tilẹ̀ ti rí i nínú ìwé pé ẹni tó bá pẹ́ kó tó gbọ́ lè jókòó ní ìwọ̀nba. Loknidhi gbọ́ ọ parí.

"Mi ò wá sọ nǹkan kan fún un," ló wí. Ní ọjọ́ tó pè, "wọ́n" ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀; lónìí, ó ti di "un". "Ìwọ náà ò ní sọ ọ́. Ẹni tó bá sọ ọ́ ni ìlú máa bi pé ìgbà wo ló ti mọ̀. Ṣáà jẹ́ iṣẹ́ kan fún un. Sọ fún un pé ìyá ń kí i. Wọ́n ní kó máa jẹun dáadáa."

Ó yí padà, ó gba ibùdókọ̀ lọ.

Khemnidhi borí nínú ìbò náà. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ní kí gbogbo ènìyàn jáde, àfi Durlabh. Ó ṣí fìlà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí rẹ̀ láti iwájú dé ìpàkọ́, bí ẹni tó ń wo bí irun rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

"Ó ti parí báyìí," ló wí. "Ṣé Loknidhi ò pè?"

Durlabh la ẹnu. Ó fojú inú rí àwọn oníròyìn, ó rí ìbéèrè tí wọn yóò bi, ó sì mọ ẹni tí ọ̀gá yóò fọwọ́ tọ́ka sí, nítorí pé ó ti ń wo ọwọ́ yẹn láti ọdún mọ́kànlélógún.

"Ó wá, ọ̀gá. Ó ní ìyá ń kí yín."

Khemnidhi fi eyín mú ètè rẹ̀. Ó wo Durlabh títí, bí ẹni tó ń bẹ ẹlòmíràn pé kó bá òun sọ ẹrù kalẹ̀. Durlabh ń wo bàtà rẹ̀.

"Ṣé ara wọn le?"

"Ara wọn le, ọ̀gá. Wọ́n ní kí ẹ máa jẹun dáadáa."

"Ó dáa." Ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Bá mi kí wọn."

Durlabh yọ ìwé kékeré jáde, ó sì kọ ìkíni náà sáàrin àwọn iṣẹ́ ọjọ́ kejì.