Sàárà Kazeem Lórí Erékùṣù

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju nǹkan kan fún wọn."

Ọwọ́ Rafiat ti wà nínú kúlà. Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ erékùṣù náà kò jágbe mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì nawọ́ sí pátákó ìkìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún ẹyẹ tàbí ẹranko ibẹ̀ lóúnjẹ. Ó ní oúnjẹ èèyàn ló ń pa wọ́n, pé bó bá ti mọ́ wọn lára, wọn kì í lè wá ẹja fúnra wọn mọ́.

Rafiat gbọ́. Ṣùgbọ́n òní ni àdúrà ogójì ọjọ́ Kazeem, ọkọ rẹ̀, àkàrà sàárà rẹ̀ sì nìyí. Láti ìdájí ló ti ń dín in nílé wọn ní Hartstown, ní Dublin. Ó tẹ́ ẹní fún àwọn ààfáà, ó to àga sí pálọ̀, ó jókòó. Ẹnì kan kò kan ilẹ̀kùn. Alàájì Akínbíyìí, ẹ̀gbọ́n Kazeem, ti ní kí ó kó jáde nínú ilé náà. Nígbà tó kọ̀, Alàájì sọ ọ́ kiri mọ́ṣáláṣí pé Rafiat ló pa ọkọ rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá jẹ oúnjẹ rẹ̀, kí ó má kí òun mọ́.

Sàárà tí ẹnu kan kò kàn, ṣé ó lè dé ọ̀dọ̀ òkú? Èyí ló gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Howth, wá sí erékùṣù yìí, níbi tí Kazeem ti máa ń tún ọ̀nà ṣe nígbà ayé rẹ̀. Bí èèyàn ò bá jẹ ẹ́, ẹlẹ́mìí ṣáà ni ẹyẹ.

Ó na àkàrà kan sí ọmọbìnrin náà. "Ìwọ jẹ ẹ́, nígbà náà. Nítorí ọkọ mi."

"Ah no, you're grand."

Rafiat ti pẹ́ ní Dublin tó láti mọ̀ pé kò ní jẹ ẹ́ nìyẹn. Ó pa kúlà rẹ̀ dé.

Inú ọkọ̀ tó ń padà sí Howth ni Rafiat wà nígbà tí Màríàm, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò Corduff, pè é lórí fóònù, ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́ bíi ti ẹni tó sá pamọ́.

"Àǹtí, ẹ kú àdúrà òní. Ǹ bá wá, àmọ́ ẹ mọ Alàájì. Ṣé èèyàn wá?"

Rafiat wo àwọn arìnrìn-àjò tó yí i ká, tí wọ́n ń ya fọ́tò òkun.

"Wọ́n wá."

"Wọ́n jẹun?"

"Wọ́n jẹ."

"Alihamudulilaahi," ni Màríàm wí. Ara tù ú débi pé ó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, Rafiat ṣí kúlà, ó mú àkàrà kan, ó sì rọra ń jẹ ẹ́, kí ọ̀rọ̀ òun má bàa jẹ́ irọ́ pátápátá.