Ọgbà Ẹ̀yìn Ilé Ìkàwé

Iṣẹ́ oko ni Ṣùkúrátù sá fún nílé bàbá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn tó fi kàwé gboyè, tó sì di olùtọ́jú ìwé ní ilé ìkàwé kan ní D-Line, ní Port Harcourt. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń wá kàwé níbẹ̀ mọ́. Ni ọ̀gá rẹ̀ bá ní kí wọ́n dá ọgbà ẹ̀fọ́ sẹ́yìn ilé náà fún ará àdúgbò. Ó ní bí wọ́n bá wá bomi rin ẹ̀fọ́, wọn á yà wọlé wá kàwé.

Ṣùkúrátù ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun mọ ọkọ́ lò. Ojú fèrèsé ló ti ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbin ugú síbi tí omi dárogún sí. Lọ́jọ́ kẹta, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó bọ́ bàtà, ó gba ọkọ́, ó sì kọ ebè gíga fún wọn.

Kí oṣù méjì tó pé, èèyàn ti ń wá láti Mgbuoba. "Aunty, abeg, come see my own," ni wọ́n ń pè é kiri inú ọgbà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìwé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Yísà, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, wọlé, ó sì béèrè ìwé tó sọ nípa ugú gbíngbìn. Òǹkàwé dé! Ayọ̀ ni Ṣùkúrátù fi fa ìwé náà yọ. Ó ṣí i, ó ka ojú ìwé kan, ó sì pòṣé.

"Bàbá, ẹ fi ìwé yìí sílẹ̀ jàre," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn, kí n fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn yín."