Ike Funfun Ara Jìtá Egya Kwaw

Ike kan ṣoṣo, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ló fẹ́ sọ mí di olè ní Sekondi. Ó sì ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń tún jìtá ṣe nílùú yìí, kò sẹ́ni tó wá bá mi rí pé okùn òun dín kan.

Ti Egya Kwaw Otsiwa ni jìtá oníná náà, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, tó sì fi í kọrin káàkiri etíkun yìí títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà tí a sin ín tán, ẹbí rẹ̀ gbé e fún mi pé kí n bá àwọn tọ́jú rẹ̀ títí ọdún yóò fi yípo, kí wọ́n tó fà á lé Fiifi lọ́wọ́. Fiifi ni ọmọ arábìnrin rẹ̀, òun ni ogún sì tọ́ sí lọ́dọ̀ wa.

Ọjọ́ Sátidé ni ọdún máa pé. Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbé jìtá jáde nínú àpótí, mo wò ó, ojú tì mí. Ike pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ okùn, èyí tí kì í jẹ́ kí èékánná ha igi, ti pọ́n bí eyín amusìgá. Bọ́tìnnì mẹ́ta tí a fi ń yí ohùn rẹ̀ sókè sódò náà pọ́n. Èéfín ilé ijó ogójì ọdún ló wà lára wọn. Mo ní a kì í fa ogún lé èèyàn lọ́wọ́ tìdọ̀tí-tìdọ̀tí. Ẹ wo ọlọ́gbọ́n.

Lọ́dọ̀ Araba ìyàwó mi tó jẹ́ onídìrí ni mo ti rí oògùn rẹ̀, ìpara tí wọ́n fi ń sọ irun dúdú di pupa. Mo tú àwọn ike náà, mo fi omi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo fi ìpara kùn wọ́n dáadáa, mo fi ọ̀rá tó mọ́ gaara wé wọn kí wọ́n má baà gbẹ, mo sì sá wọn sóòrùn. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni mo ń yí wọn padà. Araba dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun kò tíì ní oníbàárà tó mọ jókòó jẹ́ẹ́ báyìí rí.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n funfun bí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe wọ́n. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kòtò kékeré kan wà lára ike pẹlẹbẹ yẹn, nísàlẹ̀ okùn tó gbẹ̀yìn, níbi tí Egya Kwaw máa ń fi ìka kékeré tẹ̀ bó bá ń ta jìtá. Ìka náà ti jẹ ike wọnú díẹ̀díẹ̀, ojú ibẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo mú sáńpépà pé kí n fi dán an kó tẹ́jú. Bí mo ṣe gbé e lé e báyìí ni mo rí i pé oòrùn ti ká etí ike náà sókè díẹ̀. Bí ike àtijọ́ bẹ́ẹ̀ bá sán mọ́ mi lọ́wọ́, ibo ni n ó ti rí òmíràn? Mo ki sáńpépà bọ àpò ṣòkòtò, mo rọra de gbogbo rẹ̀ padà sáyè rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Fiifi yà wá wo ogún rẹ̀. Ní èbúté Takoradi ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ṣí àpótí, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń retí ọpẹ́. Ó wo jìtá. Ó gbójú sókè wo ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí jìtá tòkunbọ̀ mẹ́ta tí mo fẹ́ tà gbé kọ́, tike-funfun tike-funfun ni gbogbo wọn. Ó wá fa fọ́tò kan yọ nínú àpò. Ọjọ́ tí a tẹ́ òkú Egya Kwaw sílẹ̀ ni wọ́n yà á: òkú nínú aṣọ kente, jìtá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ike ara rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

"Bùrọ̀dá Ato," ó ní, "jìtá ẹ̀gbọ́n ìyá mi dà?"

Mo ní òun náà nìyẹn, mo fọ̀ ọ́ ni.

"Wọ́n ń fọ ike kó di tuntun? Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọdún mélòó lẹ fi mí pè?"

Mo ṣàlàyé ìpara, mo ṣàlàyé oòrùn. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó, bẹ́ẹ̀ ló ń dà bí irọ́ létí èmi fúnra mi. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní kò sí ìjà níbẹ̀. Ó ní tí jìtá gidi kò bá yọjú níwájú ẹbí lọ́la, òun á ra ẹyin àti ọtí, òun á gbé orúkọ mi lọ sódò Pra, kí òrìṣà odò náà fìyà jẹ olè. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ara mi tutù.

Ọkùnrin kan ní Shama tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ikùn rẹ̀ wú kí oṣù tó pé. Araba ní àìsàn ẹ̀dọ̀ ló pa á. Ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ Araba kọ́ ni wọ́n fẹ́ pè létí odò. Ẹ ó ní kí ni olóòótọ́ ń bẹ̀rù? Ta ni yóò bá mi ṣàlàyé ìpara onídìrí fún odò?

Mo se tíì tó dúdú kirikiri, mo tún tú ike náà, mo rì í sínú rẹ̀, bóyá á tún pọ́n.

"Ẹ kúkú fi mílíìkì àti ṣúgà sí i," Araba ní.

Tíì náà kò mú ike. Kenkey àti ẹja tó gbé síwájú mi, n kò lè fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, n kò tilẹ̀ rántí pààrọ̀ ṣòkòtò iṣẹ́, mo kàn ró aṣọ dúdú lé e lórí. Ẹbí ti pé sílé Otsiwa. Mo gbé jìtá fún Opanyin Gyepi, olórí ẹbí wọn. Ó wo fọ́tò, ó wo jìtá, ó wá wojú mi pẹ́. Fiifi jókòó sí ọ̀kánkán mi, ọ̀rá dúdú kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbàkígbà tó bá mira, mo ń gbọ́ bí ẹyin ṣe ń kan ara wọn nínú rẹ̀. Wọ́n ní ṣé mo ní ọ̀rọ̀ sọ. Mo tẹjú mọ́ ọ̀rá ẹyin náà.

Nana Mbroba, ìyá tó bí Egya Kwaw, wà lórí àga ní kọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti bí ọdún mẹ́sàn-án. Ó béèrè ohun tó dé tí gbogbo ilé fi pa lọ́lọ́. Wọ́n sọ fún un pé jìtá tí Ato gbé wá kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé e lé òun lẹ́sẹ̀.

"Nana, ojú ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n," Fiifi ní. "Funfun ni."

"Funfun o, pupa o, ṣé mo rí i ni? Gbé e wá."

Ó fọwọ́ wá ọrùn jìtá, ó fọwọ́ tọ okùn wálẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ike náà. Mo ń wò ó, ẹ̀rù òun náà ń bà mí, nítorí mo ti bó o mọ́ tónítóní, kí ló kù tí yóò rí? Ọwọ́ rẹ̀ dúró nísàlẹ̀ okùn tó gbẹ̀yìn. Ó kúrò níbẹ̀, ó tún padà. Ó na ìka kékeré rẹ̀, ó fẹ́ kì í bọ kòtò yẹn, kò wọ̀ ọ́. Ó wá tẹ ìka náà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ó sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Kwaw ò ju ọmọ ọdún méje lọ tí ilẹ̀kùn ká ìka ẹ̀ yìí mọ́, tí egungun ẹ̀ dá," ó ní. "Èmi ni mo figi dì í. Mi ò dì í dáadáa, ó jinná ní wíwọ́. Ìka ọmọ mi rèé."

Opanyin Gyepi dá fọ́tò padà fún Fiifi, ó ní kó gbé ẹyin lọ fún ìyàwó rẹ̀ kó lọ dín in. Fiifi wá fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má bínú. Mo ní kò burú. Òógùn ti bò mí lójú, mo wá fọwọ́ wọ inú àpò láti mú aǹkáṣíìfù. Sáńpépà ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo bá níbẹ̀.

Nana kò tíì yọ ìka rẹ̀ kúrò. Ó yí ojú rẹ̀ síbi tí ohùn mi ti wá.

"Ato, ìwọ lo fọ̀ ọ́?"

"Èmi ni, Nana."

"O ò wá fọwọ́ kan ibí yìí?"

"Mi ò fọwọ́ kàn án, Nana."

"O ṣé. O mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn ló ń ronú bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run á san án fún ẹ."

Mo ní àmín, mo sì fún sáńpépà náà mọ́wọ́ nínú àpò kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.